Nígbà tí Ẹ̀rọ Bá Onílù Pín Iṣẹ́: Àyẹ̀wò Àwo Orin Aura (1984) ti King Sunny Adé

Ìfáárà

Ní ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ Island Records gbé Aura jáde. Òun ni àwo orin kẹta tí King Sunny Adé àti ẹgbẹ́ African Beats ṣe fún ilé-iṣẹ́ náà, lẹ́yìn Juju Music (1982) àti Synchro System (1983). Àwọn méjì àkọ́kọ́ gba oríyìn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Wọ́n tilẹ̀ yan Synchro System mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Aura ló súnmọ́ orin pọ́ọ̀pù jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ kò tà tó bí ilé-iṣẹ́ náà ti retí, wọ́n sì fòpin sí àdéhùn wọn pẹ̀lú olórin náà. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé ńṣe ni Sunny Adé ta jùjú fún òyìnbó. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó yẹ ẹ̀sùn náà wò. Èrò tiwa ni pé ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo orin náà ní àbùkù kan tí olùkọ́ èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ gbójú fò, nítorí pé ohùn èdè wa ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Jùjú àti Ọ̀rọ̀ Àyálò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni jùjú ti jẹ́ orin àyálò. Ní àwọn ọdún 1930 tí Túndé King ń kọrin l'Ékòó, báńjò tí ó ti òkè òkun wá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. I.K. Dairo mú kọ́díánì wọ inú orin náà. Sunny Adé fúnra rẹ̀ fi gìtá Hawaii kún un, Démọ́lá Adépọ̀jù sì mú kí gìtá náà máa ké bí ẹni tí ń sun rárà. Èyí tó jọni lójú jù ni ti gángan. Ìgbà tí ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan tó rọ́wọ́ mú nínú jùjú, torí ẹ̀rọ náà ló jẹ́ kí ohùn akọrin àti gìtá lè bá ìlù dọ́gba. Ẹ̀rọ òyìnbó ló ṣílẹ̀kùn fún ìlù tí ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ló ba jùjú jẹ́ kò mọ ìtàn jùjú.

Ohun tí ó Yí Padà nínú Aura

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ nínú Aura? Ohun méjì la kíyè sí. Èkínní ni àyè. Lórí àwo tí Sunny Adé ń ṣe fún ọjà ilé, orin kan lè gba odidi ojú àwo, kí ọ̀kan máa wọnú èkejì. Orin mẹ́fà tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú Aura. Èkejì ni pé ẹ̀rọ alùlù àti dùùrù oníná gba ipò iwájú, tí gángan sì wà ní ìsàlẹ̀ wọn.

Ìgbà tí a bá rántí bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀ ni a ó mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Ìlù kò lè pe kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbé jáde. Lójú awọ, bákan náà ni ilé, ọkọ́, apá àti igbá rí, nítorí àárín àti òkè ni gbogbo wọn. Kí olùgbọ́ tó lè mọ èyí tí onílù ń sọ, onílù ní láti na gbólóhùn, kí ó fi oríkì tàbí òwe ṣe ọ̀nà, kí ó sì tún un sọ. Àyè ni gbogbo èyí ń fẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, onílù a máa gbọ́ ohun tí akọrin sọ, a sì fèsì. Bí ó bá rí ẹni tó jáde sójú agbo, a kì í. Ẹ̀rọ alùlù kò létí. Kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ibi nínú Aura, gángan kàn ń bá ẹ̀rọ rìn ni. Ó di ariwo dídùn tí kò sọ nǹkan kan.

Ibi tí Aura ti Yege

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo. Nínú Ase, orin tó ṣáájú, Stevie Wonder fọn hàmóníkà. Kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ fèrè rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀ bí ohùn ènìyàn, ó sì ń dúró kí ègbè dáhùn. Àlejò náà mọ̀ pé lílé àti gbígbè ni òpó orin wa. Èyí fi hàn pé ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀ ni ìṣòro, kì í ṣe àjèjì. Bákan náà, Sunny Adé kò kọ ilé sílẹ̀: ní àwọn ọdún náà gan-an ni ó ń gbé àwo jáde fún ọjà Nàìjíríà. Ẹni tí ó ń ná ọjà méjì kò ta ọjà kan.

Ìkádìí

Ohun tí a rí fà yọ ni pé, nígbà tí a bá ń ṣe lámèéyítọ́ orin òde òní, kí á má ṣe máa bèèrè bóyá irinṣẹ́ náà jẹ́ ti ìbílẹ̀. Kí á bèèrè bóyá ó fi àyè sílẹ̀ kí èdè lè sọ̀rọ̀. Olùkọ́ lè lo Aura àti àwo ilé kan pọ̀ ní kíláàsì: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àmì ohùn tí gángan ń gbé jáde, kí wọ́n sì wo ibi tí gbólóhùn ti pé àti ibi tí ó ti já. Wọn yóò tètè rí i pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìwé lásán. Ní ọdún 1998, Sunny Adé gbé Odù jáde, orin ìbílẹ̀ Yorùbá ni ó kún inú rẹ̀. Wọ́n tún yàn án fún Grammy. Aura tí ó súnmọ́ etí òyìnbó jù lọ kò rí irú ìyẹn gbà. A kò sọ pé àmì-ẹ̀yẹ ni òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé a kò ní láti pa gángan lẹ́nu mọ́ kí ayé tó gbọ́ wa.