Ta Ló Wà Lábẹ́ Ẹ̀kú?

Ìdájí ọjọ́ Sátidé kan ni, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020, nǹkan bí aago kan òru. Ohun kan bú gbàmù lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ní àdúgbò Eleyowo. Fèrèsé ń mì, ajá ń gbó, oníkálukú bọ́ síta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kòtò ràbàtà ti wà lójú títì, ilé ti wó, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì fara gbá a. Àwọn òbí wa láti Òǹdó ń pè: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé àlàáfíà lẹ wà? Kí ló bú?" A ní a ò mọ̀. "A ò mọ̀" yẹn gan-an la fẹ́ gbèjà lónìí, torí kò pẹ́ rárá tí àwọn èèyàn fi gbà á lọ́wọ́ wa.

Ìtàn méjì ló jáde. Gómìnà ìgbà yẹn, olóògbé Rótìmí Akérédolú, ní ohun abúgbàù tí wọ́n ń kó lọ sí ibi ìkẹ́rùsí ní ìpínlẹ̀ tó múlé ti Òǹdó ló bú lójú ọ̀nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adékúnlé Adépélúmi, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀: òkúta láti òfurufú ló já lulẹ̀ ní igun 43. Ó ní fífẹ̀ kòtò náà tó mítà 21, jíjìn rẹ̀ tó mítà 7.8. Lórí WhatsApp tiwa, ìtàn ò dúró síbẹ̀. Òkúta di UFO, UFO di ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá láti pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kòrónà ni wọ́n wá wò.

Kóòdù là ń kọ jẹun. Bí app bá kú lóru, tí log sì sọ pé òun ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọmọ tuntun nínú iṣẹ́ á pariwo pé, "Wọ́n ti hack wa!" Ọ̀gá á ní kó fara balẹ̀. Log ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé ìmọ̀ òun ò débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà U tó ṣíwájú UFO: "a kò tíì dá a mọ̀" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wá fi "láti pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn" dípò rẹ̀ kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ṣe ló rí ibi tó ṣófo nínú fọ́ọ̀mù, tó kọ orúkọ ẹni tí kò rí sí i.

Kì í ṣe pé nǹkan kì í ti pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn wá o. Ó ti wá sí Nàìjíríà rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ kúrò lórí àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní agbègbè Katsina. Ariwo ńlá sọ, òkúta kan sì já sí nǹkan bí mítà 3 sí i. Kìlógíráàmù 18 ni òkúta náà, kòtò tó gbẹ́ ò sì ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ. Láti Mars ló ti wá. Báwo la ṣe mọ̀? Afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sínú rẹ̀, ó sì bá afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ Viking yẹ̀ wò lórí Mars ní 1976 mu. Ẹ wo bí ẹ̀rí ṣe ń rí: òkúta wà nílẹ̀, ó ṣeé gbé lé ìwọ̀n, ẹlòmíì sì lè tún un yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n yẹn wọn kòtò Àkúrẹ́. Ní Carancas, ní orílẹ̀-èdè Peru, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, òkúta òfurufú gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó mítà 13. Àwọn ará abúlé rí iná tó ń bọ̀ lójú sánmà, wọ́n sì ṣa àfọ́kù òkúta náà. Kòtò Àkúrẹ́ tóbi jùyẹn lọ, àmọ́ àfọ́kù tirẹ̀ dà? Kò sẹ́ni tó gbé ẹyọ kan jáde fún wa. Igun 43 dún bí ẹ̀rí torí pé nọ́ńbà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ kóòdù rí mọ̀ pé kọ̀ǹpútà á fún yín ní nọ́ńbà tó gún régé lórí dátà tí kò dáa. A ò bú ọ̀jọ̀gbọ́n o. Ó kúrò ní ọ́fíìsì, ó lọ wọn kòtò; ìyẹn ju ohun tí púpọ̀ nínú wa ṣe lọ. Ohun tí à ń sọ ni pé kòtò nìkan ò lè dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Kí ló wá dé tí ìtàn òfurufú fi dùn mọ́ wa ju ti gómìnà lọ? Torí pé a mọ ìjọba. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà mọ tiwọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1947, àwọn ológun ní Roswell kéde pé àwo tó ń fò ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn. Láàárín ọjọ́ kan, ohùn yí padà: bàlúùnù tí wọ́n fi ń wo ojú ọjọ́ ni. Ó di 1994 kí iléeṣẹ́ ológun òfurufú tó sọ pé bàlúùnù iṣẹ́ àṣírí kan tí wọ́n ń pè ní Mogul ni, èyí tí wọ́n fi ń tẹ́tí sí ìdánwò bọ́ǹbù àwọn ará Rọ́ṣíà. Ọdún 47 gbáko! Inú àlàfo yẹn ni àwọn ará pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn ti ráyè kọ́lé.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ tiwa náà. Ní ilé bàbá wa àgbà ní Òǹdó, òkúta dúdú kan wà nínú àwo, ẹnu rẹ̀ mú, ara rẹ̀ ń dán. Wọ́n ní ẹdun àrá ni, Ṣàngó ló jù ú láti òkè. Lẹ́yìn òjò ni wọ́n rí i lóko. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní irú òkúta bẹ́ẹ̀, àáké àwọn ará àtijọ́ ni, òjò ló kàn fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ní Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsàrun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ ní 1965. Wọ́n bá irinṣẹ́ òkúta níbẹ̀, àti egungun èèyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún. A ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ẹdun àrá rẹ̀ nù; ó ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó sọnù: èèyàn kan jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọ́n òkúta di àáké, àwa wá ní ojú ọ̀run ló ti já.

Ní Eleyowo, ohun tó lè sọnù burú jùyẹn lọ. Bí ó bá jẹ́ òkúta ló já láti òfurufú, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ẹ máa bá Ọlọ́run sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ohun abúgbàù ni, ìbéèrè pọ̀ nílẹ̀. Ta ló ni ẹrù? Ta ló fọwọ́ sí i pé kó gba ẹ̀gbẹ́ ilé èèyàn kọjá lóru? Ta ni yóò tún ilé tó wó kọ́? Ìtàn gómìnà náà ò tíì pé bí kò bá dáhùn ìwọ̀nyí. Àmọ́ ìtàn òfurufú ò tiẹ̀ ní jẹ́ ká béèrè wọn.

Yorùbá ti ní orúkọ fún àlejò tó ti ọ̀run wá tipẹ́: ará ọ̀run. Bí eégún bá jáde, bí a ṣe ń kí i nìyẹn, a ó sì kúnlẹ̀. Síbẹ̀, kò sí àgbà ilé tí kò mọ̀ pé ẹnìkan wà lábẹ́ ẹ̀kú. Lọ́jọ́ ọdún, a kì í sọ ọ́, ìyẹn sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ojúde eégún. Lọ́jọ́ míì tí nǹkan bá tún bú lóru, ẹ jẹ́ ká ní a ò mọ̀, ká sì dúró sórí ẹ̀ títí ẹni tó mọ̀ yóò fi sọ̀rọ̀.