Ibi Tí Hemoglobin Ti Ń Lẹ̀ Mọ́ra

Ta ni kò mọ àìsàn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde ní Ayete wa ní Ìbàràpá? Orín àtà tí àwọn àgbà ń run ní agbára lórí rẹ̀: lọ́dún 1971, Abayomi Sofowora àti Isaacs gbé ìwádìí jáde pé omi gbòǹgbò rẹ̀ a máa dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ padà sípò.

Iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú lásán kò tó. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń wo purotéènì, mo ń wá ibi tí méjì ti fara kanra, kí n lè ṣètò èròjà kékeré tí yóò là wọ́n.

Ẹyọ amino acid kan péré ló yí padà nínú àìsàn yìí: ní ipò kẹfà lórí okùn beta hemoglobin, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, valine ló gba ipò glutamate. Valine kì í fẹ́ omi. Tí hemoglobin bá ti gbé ọ́síjìn kalẹ̀, valine á kó wọ kòtò kékeré kan lára hemoglobin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí phenylalanine 85 àti leucine 88 wà. Òmíràn á tún lẹ̀ mọ́ ìyẹn, wọ́n á so di okùn gígùn tó ń tẹ sẹ́ẹ̀lì, tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á sì dí. Ìrora tó ń mú ọmọ ké lóru, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Kòtò yẹn ni mo fẹ́ fi èròjà mi dí: bí mo bá fi kábọ́ọ̀nù kan kún un, tó sì jókòó ti leucine láìṣẹ́ àyè kankan kù, ayọ̀ mi kì í kéré.

Dídí kòtò náà ló le. Kò jìn, bí àpáta yíyọ̀ tí ẹni tó ń gùn ún kò rí ibi dì mú. Hemoglobin sì pọ̀: nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo. Àwọn tó ṣe oògùn voxelotor gba ibòmíràn: wọ́n so ó mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ okùn alpha, kí hemoglobin má tètè jọ̀wọ́ ọ́síjìn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ilé-iṣẹ́ Pfizer kó o kúrò lọ́jà, nítorí ìrora àti ikú láàárín àwọn tó ń lò ó. Ó dùn mí gan-an. Síbẹ̀, oògùn venetoclax ti dí irú ojú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lára purotéènì BCL-2 láti 2016, àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì ń jàǹfààní rẹ̀. Ó ṣeé ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàràpá tó ń ka kẹ́mísírì, ọ̀fẹ́ ni àwòrán kòtò náà wà ní Protein Data Bank lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 2HBS ni àmì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i, ẹ yí i síwá sẹ́yìn, kí ẹ sì bá wa wá ohun tí yóò dí i.