Ihò Kan, Píìnì Kan

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ti gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ṣì mọ irin. Nígbà tí mo gbé sítíárìn kékeré kan tí mo ṣe fún ọkọ̀ apẹja lọ bá a ní Ṣakí, ó fi àtàǹpàkò ti píìnì rẹ̀ síhìn-ín, ó tì í sọ́hùn-ún, ó ní, "Ó dáa." Gbólóhùn yẹn kì í jáde lẹ́nu Bàbá bọ̀rọ̀. Òun ló mú mi jókòó kọ èyí.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn wa lóòótọ́, àmọ́ a ní omi. Láti ayé ìjọba Shehu Shagari ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sé Odò Ògùn ní Ikere Gorge, nítòsí Ìṣẹ́yìn, adágún ibẹ̀ sì lè gba omi tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà. Ọkọ̀ apẹja ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀n àti garawa ẹja ló gba inú rẹ̀, ẹni tó ń wa ẹ́ńjìnnì a ká ẹsẹ̀ jọ sẹ́yìn. Láti 1909 tí Ole Evinrude ti gbé ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ sọ́jà ní Milwaukee ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá darí irú rẹ̀, ọ̀pá yẹn sì máa ń há mọ́ni lẹ́sẹ̀ níbi tó fún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá sítíárìn tó kéré, tó ká mọ́ra.

N kò ní sọ bí a ṣe ń gé irin tàbí bí a ṣe ń jó o pọ̀. Ẹni tó bá ti fi fáìsì di nǹkan mú rí mọ̀yẹn. Lára apá kúkúrú tó so ọ̀pá ìdarí mọ́ ẹ́ńjìnnì ni ọ̀rọ̀ wà. Bí apá náà bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, tí píìnì sì fi mìlímítà kan mì nínú ihò rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣáko tó ìdajì dígírì. Gé apá yẹn sí sẹ̀ǹtímítà 5, ìṣáko kan náà á lé ní dígírì kan. Bẹ́ẹ̀ píìnì kì í ṣe ẹyọ kan, ìṣáko gbogbo wọn ló ń ro pọ̀. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi tún máa ń fa ẹ́ńjìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sinmi, ibi tó bá sì ti rí àyè ló ti ń gbá ihò títí yóò fi fẹ̀. Bí sítíárìn bá ṣe ń kéré sí i ni ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa péye sí i.

Nígbà tí ọ̀gá mi ṣì ń ṣiṣẹ́, kì í fi dírílù parí ihò. Á lù ú kù díẹ̀, á wá ti ríímà ọlọ́wọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú òróró, ọ̀tún nìkan ni á sì máa yí i sí. Kódà tó bá ń yọ ọ́, kì í yí i padà sẹ́yìn, kí ẹnu rẹ̀ má bàa kú. Ọ̀sán ọyẹ́ kan, ó ní ká pa rédíò, kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ dákẹ́. "Irin ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ n gbọ́." Bí ríímà bá ń gé dáadáa, ohùn rẹ̀ a máa lọ wẹ́rẹ́. Bó bá ń gbọ̀n gìrìgìrì, ihò ń di onígun nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló kan àtùpà. Ìyá rẹ̀ ló ni àtùpà yẹn, òun ló fi ń ta ẹ̀kọ lálẹ́, Bàbá kò sì jẹ́ ká fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Á gbé píìnì sókè iná kí èéfín bò ó dúdú fẹ́ẹ́rẹ́, á tì í bọ búùṣì idẹ, á yí i díẹ̀, á fà á yọ. Ibi tí dúdú bá ti ṣí ni irin ti ń kan irin. Á rọra fá ibẹ̀, á tún gbé e sí èéfín. Ó lè ṣe èyí títí oòrùn á fi wọ̀. Ìgbà tí píìnì tí a fi òróró pa bá ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú búùṣì, bí oyin ṣe ń sọ̀ lára igbá, nìkan ló tó máa nawọ́ sí oúnjẹ.

Ohun tí mo ń rí lóde báyìí ń bí mi nínú. Wọ́n á gé irin wẹ́dà ṣe píìnì, wọ́n á fi páìpù omi ṣe búùṣì, wọ́n á ki wọ́ṣà bọ àyè tó kù, wọ́n á wá fi gírísì bo àṣírí. Kò ní pẹ́ lórí omi tí ihò á fi rí bí ẹyin. Tí oníbàárà bá pariwo, wọ́n á ní kó fún nọ́ọ̀tù le sí i. Fífún nọ́ọ̀tù kì í dí àyè, ọwọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló ń dá lágara. Mo tiẹ̀ rí ẹni tó kun ìrù irin kékeré tó wà lókè abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì Yamaha lọ́dà. Ìrù yẹn là ń yí láti fi tún ìfàsẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣe, òun náà ni ìpẹtà ń jẹ dípò ara ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀dà bá ti bò ó, iṣẹ́ kejì yẹn ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin apẹja wa, kí ẹ tó sanwó, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dì í mú ṣinṣin, kí ẹnì kejì yín rọra mi ọ̀pá ìdarí. Bí ọ̀pá bá kọ́kọ́ rìn kí ẹ tó gbọ́ ọ lára ẹ́ńjìnnì, ẹ dá a padà fún ẹni tó ṣe é.