Ọwọ́ Obìnrin Ló Wà Nídìí Ọkọ̀

Ní Jabi Lake tí kò jìnnà sí wa ní Life Camp, l'Ábújá, bóòtù ẹlẹ́ńjìnnì ló ń gbé àwọn tó wá gbafẹ́ yí po. Omi tí wọ́n sé ni. Ó dùn mọ́ àwọn ọmọ wa, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wo tọkọtaya Ègùn kan tí wọ́n ta ìgbòkun láti Àgbádárìgì wá sí Èkó mọ ohun tí mò ń sọ bí mo bá pe tiwọn ní iṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbòkun náà. Àpò ìrẹsì àti àpò ṣúgà ni wọ́n tú tí wọ́n rán pọ̀. Lẹ́tà ara wọn ò tíì parẹ́. Etí rẹ̀ lọgbọ́n wà: wọ́n fi wé okùn, wọ́n wá rán an pa, kó lè jẹ́ okùn ni afẹ́fẹ́ ń fà, kì í ṣe àpò. Ọparun kan dúró bí òpó, èkejì dábùú lọ sí igun òkè láti nà án.

Baálé jókòó sáàárín pẹ̀lú okùn ìgbòkun lọ́wọ́. Kò so ó. Ó wé e mọ́ igi ìdábùú inú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ líle bá já lù wọ́n, á gbẹ́sẹ̀, okùn á yọ, ọkọ̀ ò ní dojú dé.

Ìyàwó tó di àjẹ̀ mú nídìí ọkọ̀ gan-an ló gba ojú mi. Àjẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò nínú omi. Ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń yí díẹ̀díẹ̀, débi pé ẹni tí kò fara balẹ̀ wò ó á rò pé ó ń sinmi ni. Kò wo ìgbòkun rárá. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń wò, níhà òkun, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọ̀sán ti ń wá. Ibi tí ojú omi bá ti ṣú dúdú, afẹ́fẹ́ líle ń bọ̀ níbẹ̀. Kó tó dé, àjẹ̀ ti yí. Kò pe baálé. Bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀ ti sọ fún un.

Lásìkò òjò, omi odò Yewa tó ń wọ inú ọ̀sà tí wọ́n ń gbà a máa bá wọn ti ọkọ̀, torí apá Èkó ni omi náà ń gbà lọ bá òkun. Ọ̀nà omi yìí náà ni ewéko tó ń léfòó gbà wọ orílẹ̀-èdè wa láti Benin ní 1984. Bó bá dí iwájú, ìyàwó á fi àjẹ̀ gún un wò, á wá ibi tí gbòǹgbò ti fẹ́lẹ́, á gbabẹ̀.

Wọn kì í fi ìgbòkun wọ èbúté, ì báà ṣe Ajido tàbí Ọ̀jọ́. Bó bá ti kù díẹ̀, baálé á yọ ọparun ìdábùú, á ká àpò mọ́ òpó. Eré tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ ni ìyàwó ń ṣọ́ lò, tí yóò fi rọra kan iyanrìn láàárín ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn láìgbá ẹnikẹ́ni. Òun náà ló máa gbé agbọ̀n ẹja yíyan sọ̀, tí á sì bá àwọn oníbàárà nájà.

Bí wọ́n bá ń padà, afẹ́fẹ́ kan náà ti dojú kọ wọ́n. Baálé á mú ọ̀pá gígùn, á máa ti ọkọ̀ lọ lẹ́bàá koríko etí omi, ìyàwó rẹ̀ ṣì ni yóò máa darí.