Owó Hítà Kọ́ Ni Owó Omi Gbígbóná

Tí ọyẹ́ bá ti mú, fóònù mi kì í sinmi. Abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, bàbá àgbà tí orúnkún ń dùn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun ní Ìkòròdú tí kò fẹ́ kí ọmọ máa gbé ìkòkò omi híhó gba pálọ̀ kọjá mọ́: ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí. "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ máa gbà bá wa so hítà?" Èmi náà á da ìbéèrè bò wọ́n. Báwo ni táǹkì yín ṣe ga ju ṣáwà lọ tó? Irú páìpù wo ló wà nínú ògiri? Ṣé ilé yín ní áàtì? Àwọn mìíràn á rò pé ọgbọ́n àtigbówó lórí ni mò ń dá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìdáhùn wọn ni iye owó náà wà.

Púlọ́ńbà ni mí ní Èkó. Mo ń gbé táǹkì gorí òpó, mo ń tú gọ́tà tó dí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mọ́ mi nínú bíi ká so hítà. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ìwà omi, kó mọ ìwà iná, kó sì mọ ìwà ògiri, nítorí inú agolo kan ṣoṣo ni omi àti iná ti ń gbé níbẹ̀, lókè orí ẹni tó wà ní ìhòòhò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù.

Ògiri ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Hítà oní-lítà 50, omi inú rẹ̀ nìkan jẹ́ kílò 50, ká tó ka irin tó gbé omi náà dání. Búlọ́ọ̀kù tí a sì fi ń kọ́lé níbí, inú rẹ̀ ṣófo. Bọ́ọ̀tù tó bá bọ́ sínú ihò yẹn kò rí nǹkan kan dì mú. Màá fi òòlù kan ògiri jẹ́jẹ́, màá sì tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Ibi tó bá dún gbógbó, màá ní kí bíríkìlà gbẹ́ ẹ, kó rọ kọnkéré dí i, a ó sì dúró kí ó gbẹ dáadáa. Owó ìdúró yẹn wà nínú owó iṣẹ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ kùn.

Ọ̀rọ̀ páìpù ló kàn, òun ni mo sì lè fi odindi ọjọ́ kan sọ. PVC funfun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, omi tútù ló wà fún. Bí omi 60°C bá ń gba inú rẹ̀ lójoojúmọ́, á rọ̀, á tẹ̀, oríkèé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ á tú, inú ògiri ni yóò sì ti máa jò títí táìsì yóò fi ṣí. PPR ni mò ń lò, èyí tí wọ́n kọ PN20 sí lára. Kò gba gọ́ọ̀mù rárá, ooru la fi ń so ó. Màá tan áyọ́ọ̀nù rẹ̀ títí yóò fi gbóná dé 260°C. Màá ti fi bírò sàmì sára páìpù, mílímítà 14 láti etí bó bá jẹ́ páìpù oní-mílímítà 20. Màá wá ti páìpù àti ẹ́líbò wọ ojú irin náà lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọ̀gbọọrọ, láìyí wọn. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré. Màá fà wọ́n yọ, màá ti ọ̀kan wọnú èkejì kí ojú wọn tó dì, màá sì dì wọ́n mú láìmira. Bó bá dára, òrùka kékeré méjì á wú yọ níbi tí wọ́n ti pàdé, wọ́n á sì dọ́gba yípo. Tí ooru bá pọ̀ jù, ike á yọ́ wọnú, á dín ọ̀nà omi kù. Tí kò bá tó, á dà bíi pé ó ti mú, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi. Mo ti rí òrùka méjì yẹn láìmọye ìgbà, inú mi ṣì máa ń dùn sí wọn.

Àwọn kan fẹ́ràn hítà kékeré tó ń gbóná lójú ẹsẹ̀, nítorí ó fúyẹ́, kò sì gba ààyè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo táǹkì yín kẹ́ ẹ tó rà á. Ọ̀pọ̀ wọn ń fa wáàtì 3,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì fẹ́ kí omi lágbára kí wọ́n tó tan. Omi tó bá fi mítà 10 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ ló ń ní agbára báà kan; nínú ọ̀pọ̀ bọ́ńgálò wa, bí mítà mẹ́ta ni táǹkì fi ga ju ṣáwà lọ. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, hítà tó ń tọ́jú omi ni mo máa ń ní kí wọ́n rà, àfi tí wọ́n bá fẹ́ ra pọ́ńpù mọ́ ọn.

"Púlọ́ńbà, nǹkan tẹ́ ẹ so ń jò o! Ẹ wá bá mi dí i." Báyìí ni Àlhájà kan ṣe pè mí.

"Ẹ má bínú, Màámi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i."

Omi tó bá gbóná a máa fẹ̀. Lítà 50 tó bá ti 25°C dé 60°C á fi ohun tó lé ní ìdajì lítà fẹ̀ sí i. Fáàfù kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà omi tútù kì í jẹ́ kí omi padà sókè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ń kán àlékún náà sílẹ̀. Bí tẹmósítáàtì bá wá bàjẹ́ tí omi ń hó ṣáá, fáàfù yìí ló kù tí kò ní jẹ́ kí hítà bú gbàmù. Inú páálí hítà ló máa ń wà láti ọjà, síbẹ̀ mo ń bá ilé tí wọ́n ti jù ú nù. Páìpù tín-ínrín ni mo fà láti ẹnu rẹ̀ lọ sójú gọ́tà fún Àlhájà, ọ̀rọ̀ sì tán.

Wáyà jẹ́ iṣẹ́ oníṣẹ́ iná, èmi kì í gbà á ṣe, àmọ́ n kì í kúrò níbẹ̀ láìrí i. Hítà oní-wáàtì 1,500 ń fa nǹkan bí ámpíà mẹ́fà ààbọ̀ ní fóltì 230. Wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló yẹ kó ní, oní-2.5mm², láti ibi bírékà dé ojú síwíìsì oní-ámpíà 20 tó ń gé wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. A kì í fà á láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pá áàtì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀, kí ELCB, bírékà tó ń já bí iná tó ń jò bá ti tó mílíámpíà 30, sì wà níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn kí n wọ ilé tí táìsì ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, kí n sì bá wáyà áàtì hítà tí wọ́n gé sọnù. Ọmọ ènìyàn ló ń wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀!

Kí a tó tan iná, omi gbọ́dọ̀ kún inú rẹ̀, nítorí kọ́ìlì tó bá gbóná láìsí omi á jóná kíá. Màá ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa húkọ́ jáde, omi á máa tú pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, títí yóò fi ṣàn geere. Ìgbà yẹn ni mo tó ń gba síwíìsì láàyè. Wákàtí kan àti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni lítà 50 yóò fi dé 60°C, yúnìtì iná méjì ni yóò sì jẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé owó yúnìtì kan lọ sí ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A, ₦450 nìyẹn; wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, síbẹ̀ ó ṣì lé ní ₦400 lọ́dún yẹn. Nítorí náà, ẹ pa á tí ẹ bá ti wẹ̀ tán. Ẹ má sì rẹ tẹmósítáàtì rẹ̀ sílẹ̀ sí lílọ́wọ́ọ́rọ́, nítorí irú omi bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àrùn Legionella fẹ́ràn. Ẹ̀yin abiyamọ, omi tútù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù sínú baàfù ìkókó, torí 60°C lè bó awọ ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Ọ̀pá magnesium kan tún wà nínú hítà tí ìpẹtà ń jẹ dípò irin rẹ̀. Ó yẹ ká tú u wò lọ́dọọdún, pàápàá níbi tí omi kànga bá ti ń fi àwọ̀ pupa sára agbada ìwẹ̀. Tó bá ti jẹ tán, ara táǹkì ló kàn. Ọ̀pá tuntun kò sì wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà tuntun.

Iye owó tí mo bá kọ fún oníbàárà, ìlà méjì ni: ti ọjà àti ti iṣẹ́. Tó bá ní àyè, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sọ́jà Ọdúnadé ní Coker, kó lè fojú ara rẹ̀ rí iye tí wọ́n ń ta nǹkan. Ibẹ̀ ni owó ti sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó, tí wọ́n á sì ní ká yọ nǹkan kan kúrò. Hítà gan-an ni mo máa ń ní ká dín kù. Lítà 30 á tó tọkọtaya tí wọn kò bá wẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fáàfù, PPR, áàtì àti bírékà, n kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan ìyẹn.