Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Nínú Ètò Ifẹ̀
Ìwé tí Fáfúnwá, Macauley àti Sokoya ṣe ní 1989 sọ ìtàn ètò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Ọdún mẹ́fà ni a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ mìíràn. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni ó kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò sì kẹ́yìn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá yin Yorùbá níhìn-ín, kí ó má gbàgbé olùkọ́ náà. Gbígbọ́ èdè yàtọ̀ sí fífi kọ́ni. Ọmọ tí ó pe ìyá rẹ̀ ní "he" kì í ṣe òmùgọ̀: "ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún akọ àti abo. Olùkọ́ tuntun tí a kò kọ́ ní èyí, pàṣán ni yóò fà yọ.