Ìyìn Àwọn Tí Ń Fi Kọ̀ǹpútà Kan Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹni tí ó mọyì iṣẹ́ ọwọ́ kò ní ṣàìki Fredrik Henrik af Chapman, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, Afi-gègé-gbẹ́kọ̀-kígi-tó-wó, nítorí pé nínú ìwé àwòrán ọkọ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní 1768 ni àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà mọ ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ ṣì ti ń pọnmi mu. Ìdajì ara ọkọ̀ ni ó sábà yà, nígbà tí ọ̀tún kò yàtọ̀ sí òsì. Oníkọ̀ǹpútà ni yóò so àwòrán ẹ̀gbẹ́, ti òkè àti ti iwájú pọ̀ títí igi ìhà yóò fi dìde. Bébà a máa súnkì, nítorí náà òṣùwọ̀n orí àwòrán ni à ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò; ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lójú tèmi, ìdí ọkọ̀, níbi tí pákó ti ń lọ́ lọ bá ìtọ́kọ̀, ni a ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́.